Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́: Ọba Kì Í Pọ̀kọrin

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Darí Ètò Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà (NBC),
Àbújá.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọ̀gá Àgbà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ yín.

Atọ́kùn ètò Yorùbá lórí rédíò ni mí ní ìlú Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Èrò ara mi ni mo kọ sínú lẹ́tà yìí. N kò kọ ọ́ lórúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, n kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kí ìjìyà má baà dé bá àwọn tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tó gbé mi dìde ni ìwé tí àjọ yín kọ ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, tó fi pàṣẹ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn pé a kò gbọdọ̀ lo orin Tell Your Papa tí Eedris Abdulkareem kọ. Mo rò ó títí kí n tó mú gègé. Àwọn kan ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ìwé àṣẹ kì í bá ẹni tó fún un níwèé àṣẹ fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ mi láràárọ̀ fọkàn tán mi pé ohun tí mo bá mọ̀ ni mo ń sọ, n kò sì lè fi èyí pamọ́ fún wọn.

1. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó kúrú. Ó ní orin náà kò bójú mu, ó tọ́ka sí abala 3.1.8 nínú ìwé ìlànà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, èyí tó ka ohun tí kò yẹ, ohun tó lè bí ará ìlú nínú àti ohun tó lòdì sí ìwà ọmọlúàbí láàárín àwùjọ léèwọ̀, ó sì ní kí a má ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò tọ́ka sí ìlà kan ṣoṣo nínú orin náà. Kò sọ èyí tó jẹ́ èébú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sọ èyí tó jẹ́ irọ́, kò sọ ẹni tó fẹjọ́ sùn, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó fi hàn pé a pe olórin náà kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹjọ́ ẹnìkan gan-an kò hàn sí wa. Ìdájọ́ nìkan la rí.

Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ orin náà ló mọ ohun tó sọ. Ó bá ọmọ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ̀rọ̀ pé kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ebi ń pa ará ìlú, àti pé ojú ọ̀nà kò ní ààbò. N kò ní tan yín pé gbogbo ìlà inú rẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé olórin náà ìbá ti fi òwe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kó tó fi ìbínú gbé e, torí mo dàgbà láàárín àwọn tó mọ̀ pé bí òwe bá ti wọlé, èébú kò níṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n a mọ bí a ṣe ń tọ́jú irú ìlà bẹ́ẹ̀ nílé-iṣẹ́. A lè gé ọ̀rọ̀ kan kúrò. A lè fi orin náà sí wákàtí tí ọmọdé ti sùn. Atọ́kùn lè ṣàlàyé kó tó lò ó, kó sì tún ṣàlàyé lẹ́yìn tó bá parí. Ojoojúmọ́ là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn orin tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń dún lọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú. Kí ló dé tí orin ebi kò fi rí irú ìtọ́jú yẹn gbà?

2. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé yín ṣe rí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnìkan fi sálótéèpù lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara dígí tó wà láàárín yàrá tí mo ti ń sọ̀rọ̀ àti yàrá ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, débi pé bí mo bá gbójú sókè láti wo ọ̀gbẹ́ni náà, ìwé yín ni mo kọ́kọ́ ń rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ náà, nígbà tí a ṣí fóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́, ìyá kan pè wọlé. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà ní ọjà Bódìjà, a sì ti mọ ohùn rẹ̀ tipẹ́ torí pé òun ló máa ń bèèrè orin àtijọ́. Lọ́jọ́ yìí, ó ní: “Ọmọ mi, orin tí wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ lò yẹn, kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Ọmọ-ọmọ mi ní òun ti gbọ́ ọ lórí fóònù òun. Fóònù olótọ́ọ̀ṣì ni tèmi. Ẹ bá mi fi sí i kí n gbọ́.”

Mo wo ara dígí. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a fi òmíràn gbé e.” Ìyá náà dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ obìnrin kan tó ń ná ọjà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa, ẹ má bínú o,” ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Òun ló bẹ̀ mí, Ọ̀gá Àgbà. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ bẹ̀ mí nítorí pé ó bèèrè orin.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ẹni tí àṣẹ yín mú. Kò mú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ yẹn ní dátà, ó ní Wàásáàpù, orin náà sì ti kárí ìlú lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tí orúkọ olórin náà ń ròkè ló wá ń bi mí pé ta ni. Kò mú àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston. Àwọn tó mú ni àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn ju rédíò oníbátìrì lọ: ìyá ẹlẹ́lùbọ́, bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, àgbẹ̀ tó so rédíò rẹ̀ mọ́ igi kòkó. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni ebi tí orin náà ń sọ ń pa jù. Wọn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa tiwọn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀, tí ó sì lè má hàn láti Àbújá. Bí orin bá dún lórí fóònù, ẹni tó gbọ́ ọ kàn ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ni. Bí ó bá dún lórí rédíò, ìlà ìpè yóò ṣí, àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan yóò ní olórin náà sọ òtítọ́, ẹlòmíràn yóò ní kò mọ ohun tí ìjọba ń là kọjá, ẹnìkẹta yóò ní àwọn gómìnà ni kí a bi léèrè nítorí pé owó tó ń wọlé fún wọn ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba máa ń pè wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, mo sì máa ń fún wọn láyè. Ibẹ̀ gan-an ni ìjọba ti lè fèsì. Nígbà tí ẹ lé orin náà kúrò lórí rédíò, orin náà ṣì ń dún lórí fóònù. Èsì ìjọba ni ẹ lé lọ.

3. Kí rédíò tó dé ilẹ̀ yìí ni Yorùbá ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn baba wa ní ọba kì í pọ̀kọrin. Wọn kò sọ pé ọba kì í bínú sí ọ̀kọrin, wọ́n mọ̀ pé yóò bínú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bó ti wù kó bínú tó, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ẹ́.

Ní Ìbàdàn níbí, lóṣù Kẹta lọ́dọọdún, a máa ń ṣe ọdún Òkèèbàdàn. A kì í dáná lọ́jọ́ náà. Tọmọdé tàgbà ń tú jáde sí ìgboro pẹ̀lú orin tí a kò jẹ́ fẹnu kọ ní ọjọ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè fi orin bá wí. Mo wà ní ọmọdé nígbà tí wọ́n dúró síwájú ilé bàbá ńlá kan ládùúgbò wa tó ta ilẹ̀ ẹbí. Wọ́n fi orin ka ilẹ̀ náà: ibi tí ó wà, ẹni tó rà á, àti àwọn ọmọ òrukàn tí wọn kò fún ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bàbá náà jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, ojú rẹ̀ le koko. Nígbà tí wọ́n parí, ó na owó sí wọn. Bí òfin ọjọ́ náà ṣe rí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, n kò sì gbàgbé pé kí ọdún náà tó yípo, wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé e lórí.

Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaró, òru Ẹ̀fẹ̀ wà, èyí tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀kọrin yóò jáde lóru, yóò kọ́kọ́ júbà, lẹ́yìn náà yóò máa fi orin tú ìwà ìbàjẹ́ ìlú síta, ti olówó, ti ìjòyè, ti ọba pàápàá, láìsí ẹni tó lè mú un fún ohun tó kọ lóru náà. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ọmọ ènìyàn, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó ń fi òmìnira ọ̀kọrin yangàn lójú ayé, àjọ orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló sì ń fi ìwé olójú ewé kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí, torí pé kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí tí aláṣẹ ilẹ̀ yìí yóò dí ọ̀kọrin lẹ́nu, a sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yọrí sí.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́lódì káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù tí kò ká oúnjẹ mọ́. Hubert Ògúndé gbé eré orin kan jáde lórí ìyanṣẹ́lódì àti ebi yẹn. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, àwọn òyìnbó amúnisìn fòfin dè é níbẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún kó ara wọn lọ síwájú ààfin Aláké ní Aké nítorí owó orí. Orin ni ohun ìjà wọn, orin tí ó mú ju idà lọ. Ìjọba fagilé owó orí náà fún àwọn obìnrin, nígbà tí 1949 sì wọlé, Aláké Adémọ́lá fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ fún ìgbà kan. Èmi kò rí ẹnikẹ́ni lónìí tó ń sọ pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò mọ̀wà hù. Orúkọ olórí wọn wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà nílé ẹ̀kọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti 1964. Ògúndé tún gbé Yorùbá Ronú jáde nígbà tí ìjà òṣèlú ti pín ẹgbẹ́ òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn sí méjì, tí ọmọ ìyá kò sì bá ọmọ ìyá jẹun mọ́. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nínú orúkọ tó sọ eré náà: kí Yorùbá ronú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Wọ́n rò pé wọ́n ti pa ariwo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá 1965, wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, ọ̀rọ̀ wẹtiẹ sì wọ inú èdè wa títí dòní. N kò sọ pé eré kan ìbá ti dá iná yẹn dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé àsìkò tí ìlú nílò ẹni tí yóò wí pé ẹ ronú jù lọ ni wọ́n pa ẹni tó ń wí i lẹ́nu mọ́, tí wọ́n sì fi pápá sílẹ̀ fún ẹni tó mú ìṣáná lọ́wọ́. Ológun ló mú òfin náà kúrò ní 1966, nígbà tí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì di gómìnà. Lónìí, kò sí olóṣèlú Yorùbá tí kì í fi “Yorùbá ronú” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bó bá fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀.

Ti Fẹlá kò nílò àlàyé gígùn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ Kalakuta, ilé rẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ bọ́ láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá yẹn kan náà ni ẹni tó kó àwọn obìnrin lọ sí Aké ní 1947. Ó kú ní 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ní 2012, ilé Fẹlá kan ní Ìkẹjà di ilé àkójọ ohun ìrántí rẹ̀ pẹ̀lú owó ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, bàbá tó ń tọ́jú àwọn awo orin nílé-iṣẹ́ kan fà mí lọ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, ó sì yọ awo kan fún mi nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti fi íńkì pupa kọ NTBB sára àpò náà, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ jáde lórí afẹ́fẹ́. Ojú awo náà ní ọgbẹ́ kan tó gùn láti etí dé àárín. Bàbá ní ìṣó ni òun fi fà á, pé ọ̀gá òun ló ní kí òun fà á, kí atọ́kùn kankan má baà ṣèṣì lò ó. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ fún mi. Abẹ́rẹ́ náà fò, ó fò, ó fò, kò jẹ́ kí ohùn olórin náà parí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá pa ẹ̀rọ, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu awo náà, ó sì dá a padà sínú àpò bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Nígbà tí mo ka ìwé yín lára dígí, ìró abẹ́rẹ́ yẹn ni mo gbọ́.

5. Ẹ̀rù tí àjọ yín ti dá sí wa lára ju ìwé kan lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2018, ní ìlú Jos kan náà tí wọ́n ti bu ìtanràn lé Ògúndé, àjọ yín bu ₦100,000 lé ilé-iṣẹ́ rédíò Jay FM nítorí àwọn orin kan, ọ̀kan nínú wọn sì ni This Is Nigeria tí Falz fi ka ìwà ìbàjẹ́ ilẹ̀ wa lẹ́sẹẹsẹ. Ní oṣù Kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìbọn tó dún ní Lẹ́kí, ẹ bu ₦3,000,000 lé Channels, AIT àti Arise lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí bí wọ́n ṣe gbé ìròyìn ìwọ́de EndSARS, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Adájọ́ James Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fagilé ìtanràn ₦500,000 tí ẹ bù lé ilé-iṣẹ́ 45 lọ́kọ̀ọ̀kan ní 2019, ó ní àjọ yín kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì ní agbára láti fi owó ìtanràn jẹ ilé-iṣẹ́ níyà. Abala 39 ìwé òfin 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, kí ó sì gba ti ẹlòmíràn. Abala 36 fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti sọ tẹnu wọn kí a tó dá wọn lẹ́jọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé ẹ kò bu ìtanràn lórí ti 2025, pé ìwé lásán ni ẹ kọ. Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ní ìwé àṣẹ wa lọ́wọ́ kò nílò ìtanràn. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé olórin kan bá gbé orin tuntun wá, tí a sì gbọ́ “ìjọba” nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ti ń wo ojú ara wa. Èmi fúnra mi ti dá orin mẹ́ta padà tí ẹnikẹ́ni kò fòfin dè. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú orin tí àjọ yín ti fòfin dè ni kò ní sí lórí ìwé yín láé.

6. Wọ́n ń sọ pé irú orin yìí ló ń dá ìlú rú. Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo kan ti kúrò ní nǹkan bíi ₦190, ó ti lé ní ₦480. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ó wá iye ara rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2024, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro káàkiri ilẹ̀ yìí, “ebi ń pa wá” sì ni wọ́n ń ké. Oṣù Kẹrin 2025 ni orin tí ẹ fòfin dè jáde. Ebi ló kọ́kọ́ dé, ìwọ́de tẹ̀ lé e, orin ló dé kẹ́yìn. Olórin náà kò dá iye kankan lé epo. Ó bá ohun tó wà nílẹ̀ ni.

Ẹ sì rántí Lẹ́kí ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, 2020. Orin tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń kọ lórí ìjókòó, pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé bá wọn, orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni, èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi kọ́ wọn láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí orin orílẹ̀-èdè bá lè dúró fún ìwọ́de ní ẹnu ẹni tí inú ń bí, kò sí orin tí a kò ní fòfin dè tán bí a bá ń wá èyí tó léwu.

Eedris Abdulkareem mọ ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀. Jaga Jaga tí ó kọ ní àsìkò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò jáde lórí rédíò nígbà náà, síbẹ̀ kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tèmi tí kò mọ̀ ọ́n lórí. Ìjọba mẹ́rin ti jẹ láti ìgbà náà. Kí ló dé tí kò fi rí orin mìíràn kọ? Ìyẹn ni ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí aláṣẹ máa bi ara rẹ̀ kí ó tó bi olórin.

7. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn atọ́kùn tí kò lè kọ ọ́ pọ̀ lẹ́yìn mi.

(a) Ẹ fa ìwé ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, 2025 padà, kí ẹ sì fi ìwé mìíràn tó ní orúkọ yín ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.

(b) Ẹ gbé gbogbo orúkọ orin tí àjọ yín ti fòfin dè láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1992 síta fún ará ìlú, pẹ̀lú ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò lè máa pa òfin tí a kò lè kà mọ́.

(d) Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn sí orin kan, ẹ tọ́ka sí ìlà tí ó kàn yín, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, ẹ fún un láyè láti dáhùn, kí ẹ sì pe àṣojú ẹgbẹ́ àwọn olórin àti ti ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ síbẹ̀. Bí gígé ọ̀rọ̀ kan bá lè wo ọ̀ràn náà sàn, ẹ má gé gbogbo orin.

(e) Ẹ tún abala 3.1.8 kọ. “Ohun tí kò yẹ” kò ní ààlà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà náà ní kedere pé bíbá ìjọba wí, bíbá Ààrẹ wí àti sísọ ìyà tó ń jẹ ará ìlú nínú orin kò sí lára ohun tí kò yẹ. Irọ́ tí a pa mọ́ ènìyàn ní òfin tirẹ̀ nílé ẹjọ́. Ìpè sí ìpànìyàn ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

(ẹ) Ẹ fún wa ní ìwé tó fi dá wa lójú pé ilé-iṣẹ́ tó bá lo orin ìbániwí kò ní fojú winá nígbà tí ó bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Láìsí èyí, mẹ́rin tó ṣáájú kò ní wúlò, nítorí pé àwọn ọ̀gá wa yóò máa bá a lọ láti fi ìṣó fa awo fúnra wọn.

Ìwé ńlá kan wà nílé-iṣẹ́ wa tí a ń kọ orin tí àwọn olùgbọ́ bá bèèrè sí. A máa ń kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó bèèrè, àdúgbò rẹ̀ àti orin tó fẹ́, a sì máa ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a bá ti lò ó. Lójú ewé oṣù Kẹrin 2025, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀: Màmá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà. Gbogbo ìlà tó wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ní àmì. Tirẹ̀ ṣófo. Ìyá náà ṣì máa ń pè wọlé, ṣùgbọ́n kò tún bèèrè orin lọ́wọ́ mi mọ́. Ó kàn máa ń kí wa ni, á sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ fi àmì sí ìlà yẹn, Ọ̀gá Àgbà. Ìwé yín ni mo ń dúró dè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Atọ́kùn ètò Yorùbá kan,
Ìbàdàn.